Ṣọ́jà Ènì

Ènì ni wọ́n fi ṣọ́jà náà ṣe fún wa. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi lónìí, wọn a ní kí ló ń jẹ́ ènì, n ó wá ní láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí Ìyá Ìsẹ́yìn, ìyá tó bí bàbá mi, tó wá bá wa gbé ní Dublin lọ́dún tí màmá mi bí Kàmáàlù, àbúrò mi. Ọmọ ló wá wẹ̀. Ó gbé òrí wá, ó gbé ọṣẹ dúdú wá, ó gbé kànhìnkànhìn wá, ó sì gbé ẹnu wá, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan dání ju "tẹ́ńkì" lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ilé wa ní Blanchardstown ṣì ń rùn ọ̀dà, nítorí wọ́n ń kọ́ ilé lágbègbè wa nígbà yẹn bí ẹni ń gbin àgbàdo. Kéréènì dúró káàkiri ojú ọ̀run, katapílà a sì máa bú ramúramù láti àárọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe katapílà ló ń jí wa. Aago ìpè-ìrun orí fìríìjì ló ń kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn a dún gbàgà, bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn ní Damastown, níbi tó ti ń fi ọkọ̀ agbẹ́rù ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Kẹ́tùlù a hó. Kàmáàlù a figbe ta nínú omi, Ìyá Ìsẹ́yìn a máa na apá rẹ̀, a máa na ẹsẹ̀ rẹ̀, a máa jù ú sókè, a ní, "Sunkún dáadáa, ọkọ mi, egungun rẹ ló ń gbó." Màmá mi a dojú kọ ògiri kó má baà rí i.

Ìyá Ìsẹ́yìn ló sọ ilé wa di ilé ògì. Ó rẹ àgbàdo sínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan, débi pé ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà bi màmá mi bóyá páìpù ló bẹ́. Màmá mi ní tirẹ̀ ti gba èdè ìlú náà. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di "press" lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo ará Dublin. Bó bá ní, "Màámi, iyọ̀ wà nínú press," Ìyá Ìsẹ́yìn a gba ìdí àyọ́ọ̀nù lọ, a máa tú aṣọ wò. "Ilé tí wọ́n ń tọ́jú iyọ̀ sábẹ́ àyọ́ọ̀nù," a ní, "nǹkan ń bẹ níbẹ̀." Èmi ni mo máa ń la ìjà náà. Yorùbá ni gbogbo wọn ń bá mi sọ, òyìnbó Dublin ni mo fi ń dá wọn lóhùn, gbogbo wa sì gbà pé a gbọ́ ara wa yé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mò ń gbọ́ Yorùbá bí ènìyàn ti ń gbọ́ rédíò aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jà, ìyókù, mo fi àbá gbé e. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kọ́ ọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti Ìyá Ìsẹ́yìn a wọ bọ́ọ̀sì dé O'Connell Street, a ó fẹsẹ̀ rìn dé Moore Street. Ibẹ̀ la ti ń ra gàrí àti ẹ̀wà. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo Dublin lọ, nítorí pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kígbe ọjà wọn bó ṣe yẹ kí ènìyàn kígbe ọjà. "Àwọn wọ̀nyí níyàá," a máa wí. Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní igun ọ̀nà, ó máa ń kó ẹrù àlòkù sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ kan tí táyà rẹ̀ ti tẹ̀. Ní Sátidé kan, Ìyá Ìsẹ́yìn rí abọ́ tánganran nínú rẹ̀, ó ní òun ó máa fi wẹ ọmọ. Ó sanwó, obìnrin náà fi bébà wé abọ́ fún un, ọ̀rọ̀ parí. Lójú obìnrin náà ni ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Ìsẹ́yìn dúró gbagidi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. "Ènì ńkọ́?"

"Any?" ni obìnrin náà wí.

"Ènì!"

"Any what, love?"

"Ènì, ènì!" Ìyá Ìsẹ́yìn ń nàka sínú kẹ̀kẹ́. Ìtìjú ti lé mi sẹ́yìn òpó iná. Obìnrin náà wojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀, ó ní, "Any aul yoke at all, is it?" ìyẹn ni pé ṣé ohun yòówù kó ṣáà jẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fa ṣọ́jà oníke kan jáde, ó jù ú sínú abọ́, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Ìyá Ìsẹ́yìn sọ pé, "Tẹ́ńkì." Bí a ti ń lọ ló yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín ìṣẹ́gun. "Ṣé o rí i? Wọ́n mọ ènì níbí."

Ṣọ́jà náà gùn tó ìgúnpá mi. Irú èyí tí àwọn bàbá fi ṣeré ní kékeré ni. Apá rẹ̀ ń ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká, irun pupa kan tó ti ń pá wà lórí rẹ̀, kò sí aṣọ lára rẹ̀ àfi bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nílé Gráinne, ọ̀rẹ́ mi, níbi tí bàbá rẹ̀ ti tọ́jú tirẹ̀ sínú páálí. Lẹ́yìn páálí náà ni wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí: orúkọ rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti bí i, ohun ìjà rẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀yìn páálí yẹn ju ṣọ́jà gan-an lọ. Gráinne yìí, òun nìkan ni mo ní nílé ìwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé kíláàsì, tí gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun ló fa àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní kí n jókòó. Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ mi, òun náà ló sì kọ́kọ́ pè é láìgé e sí "Maria". Ẹni tí kò bá tíì dá jókòó ní kíláàsì rí kò lè mọ ohun tí àga kan jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Miss, olùkọ́ wa, sọ fún wa pé ọjọ́ Fráídè tó ń bọ̀ ni Ọjọ́ Àwọn Òbí Àgbà. Kí olúkúlùkù mú ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ wá, kó sì mú nǹkan àtijọ́ kan wá tí yóò sọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Gbogbo wa ti mọ ohun tí Gráinne máa mú wá. Mẹ́dàlì ni. Bàbá tó bí bàbá àgbà rẹ̀, tó ń pè ní Granda, ló gbà á nígbà tí wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà kí Ireland tó gba òmìnira, inú páálí kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ àrán sí ló máa ń wà. Mo délé, mo wo ilé wa yíká, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó dàgbà jù mí lọ àfi àwọn òbí mi àti Ìyá Ìsẹ́yìn. Bàbá àgbà mi ti kú kí wọ́n tó bí mi, gbogbo nǹkan rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn. Mo bá lọ bá Ìyá Ìsẹ́yìn níbi tó ti ń sẹ́ ògì. "Ìyá, Granda, kí ni iṣẹ́?" Gbogbo Yorùbá mi nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu débi pé ó gbé asẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá Lásísì?" ó wí. Lásísì ni bàbá mi, Ìyá Ìsẹ́yìn kò sì dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí láyé, nítorí náà mo gbà pé orúkọ tí wọ́n sọ bàbá àgbà mi gan-an nìyẹn. "Háà, olóògùn òyìnbó ni wọ́n o! Olóògùn òyìnbó pàtàkì!"

Ẹ̀yin tí etí yín gbó, ẹ ti gbọ́ ọ: ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó, tó ń fún aláìsàn ní kínínì. Èmi gbọ́ ológun. Fífà ohùn díẹ̀ àti jíjá a sílẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, etí tó dàgbà lẹ́bàá katapílà kò sì mọ irú ìyẹn. Òyìnbó ńkọ́? Ìyẹn dá mi lójú gbangba. Èdè tí mò ń sọ ni wọ́n ń pè ní òyìnbó nílé wa, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ológun òyìnbó, ṣọ́jà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn títí mo fi fò. Mo sáré lọ gbé ṣọ́jà ènì náà wá, mo ní, "This is him, Ìyá. We'll make him Granda." Ó yí ṣọ́jà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Èyí tó pupa yìí? Kó tó lè jọ wọ́n, ó kù díẹ̀ káàtó. Ó yẹ ká rẹ ẹ́ láró."

Ìdílé aláró ló ti wá, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yún un láti ọjọ́ tó ti dé. A ra aró inú pákẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ jíńsì, ó gbé e ka iná nínú ìkòkò ìrẹsì màmá mi, ó sọ iyọ̀ sí i, iyọ̀ inú press tó ti mọ ibi tó wà báyìí, ó sì fi okùn so ṣọ́jà náà lọ́rùn, ó ń rì í bọ̀ ọ́, ó ń fà á yọ. "Nǹkan tó bá máa gba aró, ó gbọ́dọ̀ gba iná," ó wí. Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọjú sínú ìkòkò. "Màámi, ta lẹ̀ ń sè?" "Bàbá rẹ ni," Ìyá Ìsẹ́yìn dáhùn, bàbá mi sì gba yàrá lọ láìbèèrè ọ̀rọ̀ míì. Ara ṣọ́jà náà dúdú dáadáa, ó ń dán. Irun rẹ̀ ni kò gba aró, ó di àwọ̀ ewé gbígbẹ. Mo la bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì sí méjì, mo fi ìlàjì rẹ̀ bò ó lórí, ẹnu sì ya Ìyá Ìsẹ́yìn. "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń dé akoto funfun?" Ó jókòó ti aṣọ káàkì kan tó gé lára ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi, ó rán ṣòkòtò kúkúrú, ó rán ẹ̀wù alápò mẹ́rin, ó rán àpò kékeré kan tó gbé kọ́ ọ lọ́rùn. "Wọn kì í jáde láìsí àpò yìí," ó wí. Ọta ìbọn ló máa wà nínú rẹ̀ nìyẹn, mo rò ó sínú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, òun ń ránṣọ, èmi ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan, ìtàn sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ sí abúlé. Ibi tí wọ́n bá ti yọ, Ibà á sá! Làkúrègbé tó bá rí wọn, á ní òun ò bá wọn jà. Jẹ̀díjẹ̀dí nìkan ló lágídí. Wọ́n á lé e lọ, á tún padà wá." Ó pa ẹnu pọ̀, ó ronú. "Wọ́n ja ìjà yẹn o. Ọdún kan wà tí Ibà fẹ́ẹ̀ pa abúlé kan run, oṣù kan gbáko ni wọn ò fi sùn nílé." Ẹ rántí pé Dublin ni mo dàgbà sí. Kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀. Àìsàn tí mo mọ̀ kò ju ikọ́ àti kàtá lọ. Mo kó àwọn orúkọ wọ̀nyẹn sórí bí ẹni ń kó orúkọ àwọn ọ̀tá. Mo fi igi áísìkírímù gbẹ́ ìbọn, mo fi sí i lọ́wọ́, àyà mi ń já kí Ìyá Ìsẹ́yìn má bínú sí ìbọn nínú ilé. Ó gbé e sún mọ́ ojú. "Áà! Páǹpù kẹ̀kẹ́! O mà gbọ́n o, ọmọ yìí. Wọn ò lè lọ síbì kankan láìsí i." Mo ní, "Grand," bí wọ́n ti ń wí ní Dublin bí nǹkan bá dára.

Ìtàn ẹ̀yìn páálí ló kù. Mo gé páálí kọnfíléèkì, mo fi omi tíì rẹ ẹ́ kó lè dà bí ti àtijọ́, mo kọ ọ́ lédè òyìnbó pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ọ̀gágun Baba Lasisi, ṣọ́jà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ohun ìrìnnà: kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ti ṣẹ́gun: Ọ̀gágun Iba, tó fẹ́ẹ̀ pa odindi abúlé run, Kọ́nẹ̀lì Lakuregbe, tó máa ń sá fún un, Kápútéènì Jedijedi, alágídí, tó máa ń padà wá. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ó ṣe é gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí mẹ́dàlì Gráinne nínú aṣọ àrán, mo wo ṣọ́jà ènì mi, ìlara mú mi. Mo fi kún un nísàlẹ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe bèbí náà láyé àtijọ́, láti fi bu ọlá fún un. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyókù, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ọjọ́rú ni mo mú un lọ sílé ìwé kí n lè fi ṣe fáàrí kí ọjọ́ tó pé. Gbogbo kíláàsì pé lé mi lórí. Ẹnì kan ń ká apá rẹ̀, ẹnì kan ń gbóòórùn páálí, wọ́n ní ó ń rùn bí àtijọ́. Gráinne nìkan ló dúró tó kà á dé òpin. Ojú rẹ̀ yí padà. "So your granda was with the Brits?" ó bi mí. Mi ò so ó pọ̀ mọ́ ogun mẹ́dàlì wọn, mi ò sì mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ fi yangàn ni wọ́n fẹ́ fi mú mi. Mo ní, "Yeah. A general." Kò bá mi jà. Ó kàn kó pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sí tábìlì kejì. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán ló kọjá níwájú mi, ó ní Granda òun ń bọ̀ ní Fráídè, ó sì máa fẹ́ mọ ìlú tí Ọ̀gágun mi ti yìnbọn. Ọjọ́bọ̀, àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo láti àárọ̀ dọ̀sán. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo eyín tó yọ.

Láàárọ̀ Fráídè, mo ní inú ń run mí. Ìyá Ìsẹ́yìn tẹ ikùn mi, ó wojú mi, ó ní, "Inú yìí kò run ẹnì kankan. Dìde." Ó ti múra tán, ìró òfì àti bùbá, ìbòrí funfun bí Alhájà tó jẹ́. A rìn kọjá láàárín ẹrẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń kí àwọn lébìrà ẹ kú iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà sì ń júwọ́ sí i. Èmi ń gbàdúrà nínú mi kí òjò ńlá rọ̀, kí wọ́n ti ilé ìwé pa.

Òjò kò rọ̀. Àwọn òbí àgbà ti jókòó sórí àga kéékèèké wa, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tíì àti bísíkítì wà níwájú wọn. Granda Gráinne ga, ó dé fìlà, ó na ẹsẹ̀ òsì gbọọrọ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ṣọ́jà mi síwájú pẹ̀lú páálí rẹ̀. Gráinne ló mú páálí náà, tó lọ fi lé Granda lọ́wọ́. Ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bó ti ń kà. "General Iba," ó wí. Ìyá Ìsẹ́yìn gbé orí sókè. "Colonel... La-ku-reg-be." Ó tún fọwọ́ pa orúnkún.

"Ẹ̀yààà!" ni Ìyá Ìsẹ́yìn ké. "Làkúrègbé? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Orúnkún yẹn ni?" Ó ti dìde, ó ń tú báàgì rẹ̀, ó fa agolo òrí kékeré kan jáde, ó gbé e ka orí tábìlì níwájú rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò wá. Granda ń wo agolo. Ìyá Ìsẹ́yìn kọjú sí mi. "Túmọ̀ rẹ̀ fún un. Sọ fún un pé kó máa fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kó fi aṣọ gbígbóná wé e. Sọ fún un pé olóògùn ni ọkọ mi, bí oògùn òyìnbó bá tán nínú àpò wọn, èyí ni oògùn tí wọ́n fi ń lé làkúrègbé."

Oògùn. Mo mọ oògùn! Ohun pupa inú ìgò ni, tí màmá mi máa ń fi ṣíbí fún mi bí mo bá ń wúkọ́: "Mọ̀ríámọ̀, wá lo oògùn rẹ." Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lórí mi lẹ́ẹ̀kan náà, àpò, kẹ̀kẹ́, páǹpù, Ọ̀gágun Ibà. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Mo sì rí i pé kò sí ẹlòmíì nínú yàrá yẹn tó gbọ́ èdè méjèèjì. Ohun tí mo bá sọ pé Ìyá Ìsẹ́yìn wí, òun náà ló wí. Mo lè ní ó sọ pé Ọ̀gágun ti ronú pìwà dà. Mo lè ní kò bá ẹnì kankan jà ní Ireland. Ìyá Ìsẹ́yìn ń wò mí, ó ń mi orí, ó fọkàn tán mi pátápátá. Ìyẹn ni mi ò lè kojú.

"He wasn't a soldier," mo wí. "I heard it wrong. He sold medicine, off a bike. Iba is malaria. It wasn't made in London either, I made it." Mo nàka sí ẹsẹ̀ Granda. "And Lakuregbe, that's your knee."

Granda wo orúnkún rẹ̀. Ó wo ṣọ́jà. Ó wo òrí inú agolo, ó gbóòórùn rẹ̀, imú rẹ̀ kákò. Ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé ṣé ohun tí mò ń wí ni pé bàbá àgbà mi lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti fi bá orúnkún òun jagun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Good man himself," ó wí, ó sì bọ́ fìlà fún ṣọ́jà mi. Gráinne rọra bèèrè láti ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "And Jedijedi?" Mi ò mọ ìyẹn. Mo bi Ìyá Ìsẹ́yìn. Ìyá Ìsẹ́yìn kò tijú ẹnikẹ́ni, ó yí ìdí sí wọn díẹ̀, ó fọwọ́ gbá a, lẹ́yìn náà ó nàka sí àwo bísíkítì. "Ẹ máa jẹ ìyẹn. Ẹ ó rí Jẹ̀díjẹ̀dí." Mi ò ní láti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín pa Miss fúnra rẹ̀ títí ó fi jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá mi dúró lẹ́yìn náà nítorí ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà sí ìjókòó mi, àpò Gráinne ti wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi.

Lójú ọ̀nà ilé, Ìyá Ìsẹ́yìn ní kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Mo kó gbogbo Yorùbá ara mi jọ. "Mo rò pé ṣọ́jà ni wọ́n, Ìyá." Ó dúró sójú ẹrẹ̀. "Ṣọ́jà? Bàbá Lásísì? Àwọn tó ń sá fún tòlótòló!" Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ti Lọ́ńdọ̀nù fún un pẹ̀lú. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. "Ìyẹn dùn mí," ó wí. "O ṣì í gbọ́, kò burú, etí ló ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni Bàbá Lásísì fẹ́ fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe?" Mo sunkún díẹ̀. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nù mí lójú, ó ní ká tètè máa lọ, ebi ń pa Kàmáàlù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi tipátipá bá mi sọ̀rọ̀, bí mo bá fi òyìnbó dáhùn, a ní òun kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa padà sí Ìsẹ́yìn, èmi ni mo dágbére fún un lédè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún un ṣe níbi mẹ́rin.

Ṣọ́jà náà wà lójú fèrèsé kíṣìnì mi di òní, páǹpù rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi àti Gráinne ṣì ń bára wa ṣe ọ̀rẹ́. Lọ́dún tí Granda rẹ̀ kú, mo lọ kí wọn nílé, bí àṣà wọn. Wọ́n tẹ́ òkú sí pálọ̀, àwọn ènìyàn ń mu tíì, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Gráinne fà mí wọ yàrá, ó gbé páálí mẹ́dàlì jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀ títí di àná. Mẹ́dàlì wà lápá kan. Lápá kejì, lórí aṣọ àrán kan náà, agolo òrí Ìyá Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ti fi ìka họ ọ́ títí agolo fi ń dán.

Mi ò lè dúró dé ilé. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni mo ti pe Ìyá Ìsẹ́yìn lórí fóònù, mo sọ fún un pé Bàbá Làkúrègbé ti lọ, orúkọ tó sọ ọ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ó ṣàdúrà fún un. Mo ní, "Ìyá, agolo yín wà pẹ̀lú mẹ́dàlì bàbá rẹ̀."

"Òrí inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lò ó tán. Ó họ ọ́ mọ́lẹ̀."

"Ó lò ó tán!" ni Ìyá Ìsẹ́yìn wí, ohùn rẹ̀ sì yí. "Kí ló dé tí kò sọ? Ǹ bá fi òmíì ránṣẹ́ sí i. Ǹ bá sì fi ènì lé e."